Mo fẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ ya ẹ̀dà àwòrán aṣojú Kóńgò ti 1643 fún bàbá mi: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àrẹ̀mọbìnrin:

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Bàbá mi yóò pé ọdún márùndínlọ́gọ́rin lóṣù Kejìlá. Iṣẹ́ aṣojú ìjọba lókè òkun ni wọ́n ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Lọ́dún tó kọjá, iṣẹ́ gbé mi dé Copenhagen ní Dẹ́nmáàkì, mo sì yà sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Statens Museum for Kunst. Ibẹ̀ ni mo ti bá ọkùnrin kan pàdé lára ògiri. Dom Miguel de Castro lorúkọ rẹ̀, aṣojú tó ti ilẹ̀ Kóńgò wá, nǹkan bí 1643 ni wọ́n yà á. Aláwọ̀ dúdú bíi tiwa ni. Ó dé àkẹtẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí ìyẹ́ pupa wà lára rẹ̀, kọ́là rẹ̀ funfun, okùn idà aláràbarà gba àyà rẹ̀ kọjá. Bó ṣe ń wo èèyàn, kò jọ ojú ẹni tó wá tọrọ nǹkan. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mọ́. Bàbá mi ni mo rí, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó kí wọ́n tó dá èèyàn lóhùn.

Mo fẹ́ gbé ẹ̀dà rẹ̀ kọ́ sí pálọ̀ wọn ní Ìbàdàn, ẹ̀dà tí èèyàn fi ọwọ́ yà. Mo ti jìn sí kòtò lẹ́ẹ̀kan o. Mo sanwó fún ṣọ́ọ̀bù kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ọwọ́ ni àwọn fi ń yà á. Nígbà tí mo tú u, ó ń dán gbinrin bí ike, ojú bàbá náà sì dúdú bí ìdí ìkòkò. Èèyàn ò mọ ibi tí imú parí sí tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Mo sunkún. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe máa dá iṣẹ́ ọwọ́ mọ̀? Kí ni kí n bi ẹni tí mo bá fẹ́ gbé e fún?

Ọwọ́ Ayàwòrán:

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Mo ti ń ya àwòrán ní Ìbàdàn fún ohun tó lé ní ogún ọdún, mo sì ti ya ẹ̀dà púpọ̀ fún àwọn èèyàn. Maṣíìnì ló tẹ èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sórí kánfáàsì, wọ́n wá fi búrọ́ṣì fa gẹ́ẹ̀lì, ohun kíki tó ń dán, lé e lórí kí ó lè máa ga sọ́wọ́. Ẹ yá awò kékeré tí àwọn onígóòlù fi ń wo òrùka, kí ẹ fi wo ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé. Bí ẹ bá rí àmì wínníwínní tó tò jọ bí iyanrìn, maṣíìnì ni. Ẹ sì wo ọ̀nà tí ipa búrọ́ṣì gbà. Búrọ́ṣì ẹni tó ń ya ẹ̀rẹ̀kẹ́ máa ń yí tẹ̀lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni. Gẹ́ẹ̀lì kò mọ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ibi tó bá wù ú ló ń lọ.

Ṣùgbọ́n ojú tó dúdú bí ìdí ìkòkò yẹn ló dùn mí jù. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Awọ ara wa kì í ṣe dúdú. Ẹni tó bá fún dúdú láti inú ọ̀pá ọ̀dà tó fi ya èèyàn dúdú, kò tíì wo èèyàn dúdú rí nìyẹn. Àwọn ayàwòrán ìgbà náà kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lórí funfun. Wọ́n máa ń kọ́kọ́ kun ilẹ̀ àwòrán ní àwọ̀ ilẹ̀ pupa, tàbí àwọ̀ eérú, tàbí kí eérú gun orí pupa. Wọn á wá fi umber, àwọ̀ ilẹ̀ tó dà bí kọfí, tó fẹ́lẹ́ ṣètò ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà àti ibi tí òjìji wà, kò ní tíì sí àwọ̀ kankan níbẹ̀. Bí ìyẹn bá gbẹ ni ojú á tó bẹ̀rẹ̀.

Lójú bíi ti Dom Miguel, ẹ ó rí i pé iwájú orí, igi imú, orí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ètè ìsàlẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ bà lé. Ibẹ̀ ni mo máa ń po àwọ̀ ilẹ̀ pupa mọ́ ochre, àwọ̀ ilẹ̀ rúsúrúsú, pẹ̀lú funfun díẹ̀ báyìí. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti le jù, ara wa máa ń tutù díẹ̀, bíi pé ojú ọ̀run hàn nínú rẹ̀, nítorí náà mo máa ń fi búlúù tí kò tó orí abẹ́rẹ́ sí i. Níbi òjìji, mi ò ní kùn ún nípọn rárá. Mo máa jẹ́ kí ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ máa yọ jáde, òun ló ń jẹ́ kí ojú mí. Bí ẹ bá kun òjìji nípọn, ojú á kú.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni kí ẹ bi ayàwòrán tí ẹ bá fẹ́ lò: “Kí lẹ fi ń ya òjìji lára èèyàn dúdú?” Bó bá ní dúdú ni, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ máa lọ.

Ìyá Ìbejì Houston:

Àǹtí mi, ẹ má sunkún mọ́. Dafen ni mo ti ra tèmi, ní Shenzhen ní ilẹ̀ Ṣáínà. Abúlé àwọn ayàwòrán ni. Oníṣòwò kan láti Hong Kong, Huang Jiang, ló kó àwọn ayàwòrán bí ogún lọ síbẹ̀ ní 1989, lónìí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ló ń fi ọ̀dà olóróró ya ẹ̀dà níbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ wà níbẹ̀ gan-an, àwọn tó ń sáré parí iṣẹ́ mẹ́wàá lóòjọ́ náà wà. Ohun tó kó mi yọ ni pé mo ní kí wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta: nígbà tí àwọ̀ ìsàlẹ̀ bá gbẹ, nígbà tí ojú bá parí, àti nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí. Mo ní kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í ṣe lábẹ́ iná. Ní ẹ̀ẹ̀kejì mo rí i pé etí kan ga ju èkejì lọ, mo sọ, wọ́n tún un ṣe. Bí wọ́n bá ti parí rẹ̀ tán kí n tó rí i ni, kò sí nǹkan tí mo lè ṣe.

Bí wọ́n bá máa ká a sínú páìpù, kí ojú ọ̀dà wà níta, kí ó má wà nínú. Páìpù tó gbòòrò ni kí wọ́n lò. Tèmi kékeré ni, ó sì là díẹ̀ lẹ́bàá ọwọ́.

Òǹkàwé Peckham:

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn díẹ̀ kún un, torí bàbá yín á béèrè. Àwọn aṣojú máa ń fẹ́ mọ ẹni tó rán aṣojú.

Ìjòyè tó ń ṣàkóso Soyo, apá kan ilẹ̀ Kóńgò ní etíkun níbi tí odò Kóńgò ti ń wọ òkun, ló rán Dom Miguel níṣẹ́. Èdè àìyedè wà láàárín Soyo àti ọba Kóńgò, Garcia Kejì. Àwọn ará Netherlands ti gba Luanda lọ́wọ́ àwọn Pọtogí ní 1641, ẹni tó bá fẹ́ rí ojú rere wọn ní láti bá wọn sọ̀rọ̀. Dom Miguel gba Recife kọjá ní Bràsíìlì, níbi tí Johan Maurits ti ń ṣe gómìnà fún iléeṣẹ́ òwò Ìwọ̀-Oòrùn ti Netherlands, ó sì tẹ̀síwájú dé Netherlands fúnra rẹ̀. Ní Middelburg, ìlú kan níbẹ̀, ni wọ́n ti ya àwòrán yìí. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kà á sí iṣẹ́ ọwọ́ ayàwòrán Albert Eckhout, ṣùgbọ́n ìdílé Beckx tó ń ya àwòrán ní Middelburg ni wọ́n ń kà á sí báyìí. Àwọn ìránṣẹ́ méjì tó bá a lọ, Pedro Sunda àti Diego Bemba, náà ní àwòrán tiwọn nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé yẹn. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, wọ́n gbé ẹ̀bùn lọ́wọ́. Bí ẹ bá rówó sí i lọ́jọ́ iwájú, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta papọ̀ á dára lára ògiri.

Ohun kan tó wúwo wà níbẹ̀ o. Òwò ẹrú ló gbé gbogbo ìrìn-àjò yìí ró. Iléeṣẹ́ òwò yẹn gba Luanda kí ó lè máa rí ẹrú kó lọ sí oko ìrèké ní Bràsíìlì. Ọkùnrin tó jókòó pẹ̀lú ìyẹ́ pupa yẹn ń bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín òwò náà. Mi ò sọ pé kí ẹ má rà á. Mo fẹ́ràn àwòrán náà gan-an. Mo kàn fẹ́ kí ẹni tó máa gbé e kọ́ mọ̀ ọ́n tọkàntọkàn, kí ó lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọmọ.

Àrẹ̀mọbìnrin:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mi ò mọ ti Luanda yẹn. Mo máa sọ fún wọn. Wọ́n á fẹ́ gbọ́ ọ ju àwòrán lọ.

Ìbéèrè kan: ibo ni kí n ti rí fáìlì àwòrán náà tó dára? Ṣé kò ní di ẹjọ́? Àti pé, ṣé kò burú pé ẹ̀dà ni? Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kí n ra nǹkan gidi dípò ayédèrú.

Akọ̀wé Àgbà:

Ọmọ mi, sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ pé ẹ̀dà kì í ṣe ayédèrú. Ayédèrú ni èyí tó bá ń parọ́ pé òun ni ojúlówó. Láyé àwọn tí a ń sọ yìí, ẹ̀dà gan-an ni iṣẹ́ ìjọba. Ayàwòrán Rigaud ya Ọba Louis Kẹrìnlá ti Faransé ní 1701, àwòrán ńlá tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 277. Ọmọ ọmọ ọba náà tó di ọba Sípéènì ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí. Nígbà tí ọba rí i, ó wù ú, ó mú un dúró, ó ní kí wọ́n ṣe ẹ̀dà. Títí dòní, ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Louvre ní Paris, ọ̀kan wà ní ààfin Versailles. Rigaud ní ìwé àkọsílẹ̀ tí a ti rí àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àti apá tí kálukú yà, bí aṣọ, bí òdòdó. Velázquez, ayàwòrán ará Sípéènì, ya Póòpù Innocent Kẹwàá ní 1650, àwòrán yẹn wà ní Róòmù, àmọ́ èyí tó kéré jù ú lọ tí òun fúnra rẹ̀ yà wà ní Apsley House ní Lọ́ńdọ̀nù. Bí ìjòyè kò bá lè wà níbi mẹ́wàá, àwòrán rẹ̀ á wà níbẹ̀ fún un.

Èmi náà ní ọ̀kan. Akọ̀wé ìjọba ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà Samuel Pepys ni mo ní kí wọ́n yà fún mi. Akọ̀wé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi ogun ni òun náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ayàwòrán Hayls ló yà á ní 1666, National Portrait Gallery ní Lọ́ńdọ̀nù ni ojúlówó rẹ̀ wà. Ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ ni pé Pepys kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ rẹ̀. Ó háyà aṣọ tó wọ̀ níbẹ̀ ni! Ó ní bí òun ṣe ń wẹ̀yìn lórí èjìká kí ayàwòrán lè rí i yà, ọrùn òun fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Ó ní kí wọ́n kún un ní òjìji púpọ̀. Hayls ti ya ìrísí ilẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, Pepys ní kí wọ́n pa á rẹ́. Orin tó mú lọ́wọ́, òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́. Pọ́ùn mẹ́rìnlá ló san fún àwòrán náà, ṣílè mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n fún férémù.

Èmi sọ gbogbo èyí fún ayàwòrán mi kó tó gbé búrọ́ṣì. Nígbà tó gbọ́ ti ọrùn, ó pa ojú tó ti yà rẹ́, ó tún un yà. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọrùn ń dun ọkùnrin náà. Tí o bá ti yan ayàwòrán, sọ fún un ẹni tí Dom Miguel jẹ́. Má kàn fi fọ́tò ránṣẹ́.

Ọwọ́ Ayàwòrán:

Bàbá, ẹ kú ọ̀rọ̀ yìí. Òtítọ́ gidi ni.

Lórí fáìlì: ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Copenhagen yẹn gbé àwọn àwòrán àtijọ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ẹnikẹ́ni lò ó bó ṣe wù ú. Rijksmuseum ní Amsterdam àti Metropolitan ní New York náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ tààrà síbẹ̀, kí ẹ gba èyí tó tóbi jù lọ. Ẹ má mú èyí tí ẹ rí lórí Pinterest, torí àwọ̀ wọn máa ń ti yí padà, òmíràn pupa jù, òmíràn ti dà bí tíì. Ayàwòrán tó bá tẹ̀ lé àwọ̀ tó ti bàjẹ́ á ya àwọ̀ tó ti bàjẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ yà á ti kú láti ohun tó lé ní ọ̀rúndún mẹ́ta sẹ́yìn, kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀tọ́ ayàwòrán mú yín. Àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kan ṣì máa ń gba owó lórí fọ́tò tí wọ́n yà, nítorí náà ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀.

Lórí ìwọ̀n: ní Louvre, láti 1793 ni wọ́n ti ń gba àwọn ayàwòrán láyè láti jókòó níwájú iṣẹ́ kí wọ́n máa dà á kọ. Òfin wọn ni pé ẹ̀dà gbọ́dọ̀ fi ìdá kan nínú márùn-ún tóbi ju ojúlówó lọ, tàbí kó fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. A kì í sì í da orúkọ ayàwòrán tó wà lára rẹ̀ kọ. Mo máa ń tẹ̀ lé òfin yẹn bí mi ò tilẹ̀ sí ní Paris. Ó ń jẹ́ kí ọkàn mi mọ́. Àwòrán Dom Miguel kò tóbi, kò tó mítà kan ní gíga. Bí a bá dín in kù díẹ̀, ó ṣì máa gba pálọ̀.

Orí pákó ni wọ́n ya ojúlówó rẹ̀ sí, kì í ṣe orí aṣọ. Ìdí nìyẹn tí ojú rẹ̀ fi ń dán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí ìhunṣọ. Ẹ béèrè pákó tí wọ́n ti ha ojú rẹ̀ kó lè dán dáadáa. Bí kò bá sí, ẹ ní kí wọ́n lo aṣọ línínì tí ìhun rẹ̀ wẹ́, kì í ṣe kánfáàsì tó rí bí àpò gààrí.

Nípa àkókò, oṣù Kẹfà la wà, ẹ ti pẹ́ díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe. Ọ̀dà olóróró kì í gbẹ bí ọ̀dà ògiri. Umber máa ń tètè gbẹ. Dúdú tí wọ́n fi eegun sísun ṣe máa ń pẹ́ gan-an, òun ló sì pọ̀ jù lára àkẹtẹ̀ náà. Ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ kò gbọdọ̀ lóróró ju ti òkè lọ, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òkè á gbẹ ṣíwájú ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì là. Ẹni tó bá ní òun á parí rẹ̀ lọ́sẹ̀ kan, yálà ó ń lo ákíríliìkì tàbí ó fẹ́ fi tútù rẹ̀ ránṣẹ́ sí yín. Fáníìṣì gidi di oṣù mẹ́fà sí ọdún kan lẹ́yìn tó bá parí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi èyí tó fẹ́lẹ́ bò ó fún ìgbà díẹ̀ nítorí ọjọ́ ìbí, kí ẹ gbé e padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kí ó sì parí kí ọyẹ́ tó dé o! Eruku ọyẹ́ lórí ọ̀dà tútù, kò sí ohun tó ń yọ ọ́.

Owó náà: kí ẹ pín in sí mẹ́ta, ìdá kan ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdá kan bí ojú bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, èyí tó kù bí ẹ bá gbà á. Ayàwòrán tó dá ara rẹ̀ lójú kò ní kọ̀.

Férémù Mushin:

Férémù ni iṣẹ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta férémù góòlù oníṣẹ́ ọnà kíkàmàmà fún yín. Ti ààfin Faransé nìyẹn. Ní Netherlands láyé Dom Miguel, férémù dúdú ni wọ́n sábà ń lò, igi dúdú gidi tàbí igi mìíràn tí wọ́n kùn ní dúdú, pẹ̀lú ìlà wẹ́wẹ́ lára rẹ̀ bí omi tí atẹ́gùn fẹ́ sí. Dúdú yẹn máa ń jẹ́ kí ojú èèyàn tàn jáde. Káfíńtà tó mọṣẹ́ lè gbẹ́ ẹ.

Ẹ má fi gíláàsì sí i. Ẹ lẹ kọ́ọ̀kì kéékèèké mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́yìn kí atẹ́gùn lè gba àárín òun àti ògiri, torí ògiri Ìbàdàn máa ń tutù lásìkò òjò, èbu á sì hù. Ìṣó méjì ni kí ẹ fi kọ́ ọ, kì í ṣe ọ̀kan. Kó má kọjú sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé, kó sì jìnnà sí ibi tí èéfín jẹnẹrétọ̀ ń yà sí.

Òǹkàwé Peckham:

Ẹ fi kún un pé bí ẹ bá ń gbé e kọjá kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ìwé tó sọ pé ẹ̀dà tuntun ni wà lọ́wọ́ yín, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n yà á. Wọ́n dá ọ̀rẹ́ mi kan dúró fún wákàtí mẹ́rin nítorí pé àwòrán tó gbé jọ ohun àtijọ́.

Àrẹ̀mọbìnrin:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà wá. Oṣù Kẹwàá la wà. Mo gbé iṣẹ́ náà fún ayàwòrán kan ní Ìbàdàn. Mo bi í ní ìbéèrè òjìji yẹn. Ó wojú mi, ó ní, “Àwọ̀ ilẹ̀ ni, mà. Dúdú kẹ̀?” Mo sanwó lójú ẹsẹ̀.

Mo sọ gbogbo ìtàn náà fún un, Soyo, Luanda, gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó fi fọ́tò ẹlẹ́ẹ̀kejì ránṣẹ́, mo rí i pé ó ti jẹ́ kí ojú òsì wọnú òjìji ju bí mo ṣe rò lọ. Mo bi í, ó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí nínú fáìlì ńlá, pé èyí tí mo ní lórí fóònù ló tan mí jẹ. Mo lọ wò ó lórí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ló sọ. Àná ni mo rí i lójúkojú. Nígbà tí mo wọlé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kí i.

Ó kù ohun kan. Ó ní kí n sọ ohun tí òun máa kọ sẹ́yìn rẹ̀. Kí ni kí n ní kó kọ?

Ọwọ́ Ayàwòrán:

Mo yọ̀ fún yín gan-an mà. Ẹ ní kó fi ọ̀dà kọ ọ́ sẹ́yìn pákó náà gan-an, kó má ṣe kọ ọ́ sórí bébà tó lè ṣí kúrò. Báyìí:

“Ẹ̀dà. Dom Miguel de Castro, aṣojú Soyo, tí wọ́n yà ní Middelburg ní nǹkan bí 1643. Ojúlówó wà ní Statens Museum for Kunst, Copenhagen. A fi ọwọ́ yà á ní Ìbàdàn.”

Kó wá kọ ọdún àti orúkọ ara rẹ̀ sí i lábẹ́. Ní kíkún o, kì í ṣe lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan.